Gbígbálẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ìjìyà

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fi ariwo jí i, nǹkan kan ló jí i. Ní àdúgbò wa ní Ọ̀tà, bárò ló ń jí wọn. Bárò kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé pápá tí wọ́n ń tún ṣe ló máa tì í, ẹni tó bá pẹ́ á fara mọ́ ìgbálẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin tí kò tíì fọ ẹnu, tí ilà ìrọ̀rí ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ń sáré bọ̀ wá gba bárò.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ́tótó ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì, Mummy Tíṣà sì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè mí, títí kan èyí tí mi ò kọ́ rí. Nínú ọ̀rọ̀ pápá yìí, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí ló wà lọ́wọ́ mi, èmi náà ni mo sì ń se ẹ̀wà tí wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Mi ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń sọ èyí nítorí pé gbogbo àgbàlagbà tó bá wá síbẹ̀ ló ń béèrè ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí mo bá sì ní àwọn ọmọ náà ni, wọn kì í gbà.

Ọ̀tà tí mo ń wí yìí, ìlú Àwórì àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló gba ibẹ̀ kan báyìí. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka àwọn tó lé ní 526,000 sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, láti ìgbà náà sì ni àwọn tí owó ilé Èkó lé kúrò ti ń rọ́ wọlé tọ̀ wá wá. Ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ tiwọn, ìjọ ńláńlá ní tiwọn, Yunifásítì Covenant àti Bells ní tiwọn, Ọbásanjọ́ ní oko rẹ̀. Ilẹ̀ tí ọmọ lè sáré lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè owó tàbí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sábẹ́ igi láàárín òdòdó, mọ́tò ló máa wọ̀ lọ sí Aláúsá ní Èkó, níbi tí ọgbà Ndubuisi Kanu wà. Ohun tí àwa ní kò ju pápá kan tó tó ìlàjì pápá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín púlọ́ọ̀tì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ nǹkan sí. Ilẹ̀ tí kò bá sì ti ní olówó ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ààtàn ni í dà.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe gbà á padà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kórìíra gbígbálẹ̀. Àgbà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwé káàkiri, ọmọ tó bá pẹ́ dé, koríko ni yóò gé. Èyí tó bá pariwo, kíláàsì ni yóò gbá. Èyí tó bá bú síníọ̀, ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n á ní kó lọ fọ̀. Ọmọ tó ṣe dáadáa á jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú oòrùn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ fi ń wo èyí nílé ìwé girama. Kí ló kù tó máa rò, bí kò ṣe pé ẹni tó ṣẹ̀ ní í di ìgbálẹ̀ mú?

Àwọn òbí àti àwọn baba ńlá wọn náà, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìmọ́tótó. Láyé òyìnbó, wolé-wolé ló ń wọ ilé kiri, tó ń yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì bá tanwíjí nílé rẹ̀ á dé kọ́ọ̀tù. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe eré o. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó láti 1924 títí dé 1930, ìgbà náà ni Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ètò ìlera ìlú Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Yábà, tó sì mú ètò ìlera wọ ilé ìwé àwọn ọmọdé. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé WAI (War Against Indiscipline), ogun lórí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, dé. Ní 1985, wọ́n fi sànítéṣọ̀n kún un: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn. Ẹni tí wọ́n bá mú lójú títì, sójà á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìjọba náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n sànítéṣọ̀n pẹ́. Oṣù kẹta 2015 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó sọ pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n sé ènìyàn mọ́lé nítorí ìgbálẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá 2016, ìjọba Èkó fòpin sí ìsémọ́lé náà.

Sànítéṣọ̀n náà ṣojú mi, mo sì mọ ohun tí ojú rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbá iwájú ilé wọn sínú gọ́tà. Èyí tí kò bá wọ gọ́tà, wọ́n á kó o jọ sétí títì kí sójà lè rí i pé wọ́n ṣiṣẹ́, yóò sì wà níbẹ̀ títí òjò yóò fi gbé e padà fún onílé. Gọ́tà tó bá dí kì í sì í mọ ilé ẹni tó dí i. Ará Ìbàdàn ló mọ ìyẹn jù. Wọ́n dá ọgbà Agodi sílẹ̀ ní 1967, ó ní igi, ó ní òdòdó, ó ní ẹranko tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa, tí pàǹtí àti ilé etí odò ti fún lọ́rùn, kún àkúnya. Ó pa ènìyàn tó lé ní 200, ó sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹranko Agodi lọ. Ó di 2014 kí wọ́n tó tún ọgbà náà ṣí fún aráàlú. Ẹni tó ń da pàǹtí sí gọ́tà ní Mọ́kọ́lá nígbà náà kò mọ̀ pé ọgbà ẹranko lòun ń wó.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ro ọ̀nà odò. Ẹgbẹ́ ló ń jáde, tòun ti orin àti yẹ̀yẹ́, ẹni tí kò bá sì wá, orúkọ rẹ̀ á wọ inú orin. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí kan náà, Tai Solarin àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956. Àwọn ọmọ ibẹ̀ nígbà náà ń gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin adìyẹ, ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn tòun ti ṣòkòtò péńpé kákí rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ yẹn àti koríko tí ọmọ apẹ́lẹ́yìn ń gé, mi ò rí ju pé ọ̀gá wà nínú oòrùn pẹ̀lú wọn.

Ní ti pápá wa, bọ́ọ̀lù ló dá a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba àyíká. Mọ́ńkì-póòsì ni àwọn ọmọkùnrin ń gbá ní igun tó ṣì mọ́, bí ẹnì kan bá sì ti gbá a kọjá póòsì, inú ààtàn ló ń bọ́ sí. Pámpásì, irun wíìgì, egungun adìyẹ, ọ̀rá ọtí, tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Ẹni tó gbá a síbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ mú un, ìjà ni ìyẹn sì ń dá sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé ilé wọn ló béèrè ìdí tí wọn kò fi sún ààtàn náà sẹ́yìn. Wọ́n ní kó wá sún un. Ó wá! Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, pẹ̀lú ọmọ alfa tó wà lójúlé kejì, wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ló mú àwọn ọmọkùnrin, wọ́n gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ wọn. Inú ìtìjú yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Nígbà tí wọ́n sún un dé ògiri, kò sí ibi tí wọ́n tún lè sún un sí mọ́. Ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ báyìí ti máa ń kú. Ènìyàn á máa yọ̀ pé òun gbálẹ̀, kò ní béèrè ibi tí ohun tó gbá ń lọ.

Ọmọbìnrin ojú fèrèsé (mo fẹ́ máa pè é bẹ́ẹ̀, kò ní bínú) ló kọ́ wọn láti máa yí ìdí ike wò. Ẹ mú ike omi kan lọ́wọ́ yín, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀: ẹ ó rí igun mẹ́ta kékeré kan, nọ́ńbà sì wà nínú rẹ̀. 1 ni ti ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò. 2 ni ti gálọ́ọ̀nù àti ike ọṣẹ olómi. Ọ̀rá omi wà nínú 4, ọ̀pọ̀ abọ́ oúnjẹ wà nínú 5. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ ike kò fẹ́ kí wọ́n dàpọ̀, nítorí ìwọ̀n ooru tó ń yọ́ ọ̀kan kọ́ ló ń yọ́ èkejì. Ike tó mọ́ gaara lówó ju aláwọ̀ ewé lọ. Èyí tí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, oníbàárà á yọ iyanrìn náà kúrò nínú owó.

Ìdérí ike ni wọn kò kọ́kọ́ kà sí. Mo dá sí ìyẹn, nítorí iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri kò fẹ́ gọ́tà, omi òjò tó wà nínú ìdérí kan ṣoṣo tó o láti yé ẹyin sí, láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, tanwíjí inú rẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Táyà burú ju ìdérí lọ. Mo bu omi inú táyà kan sínú ife funfun, mo gbé e fún wọn pé kí wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, kí wọ́n wo àwọn nǹkan tó ń jó lókè, tó ń jó nísàlẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n pariwo, ẹnì kan ju ife nù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí táyà tó gba omi dúró mọ́ ní pápá. Wọ́n lu ìdí wọn jo, wọ́n ri ìlàjì wọn mọ́lẹ̀ láti fi ṣe ìjókòó, wọ́n gbin ṣọkọ̀ sínú ìyókù.

Onírin tó ń ti ọmọlanke kọjá ló ń ra ike lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ fura pé òṣùwọ̀n rẹ̀ ń jẹun. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré, lọ sílé, ó gbé àpò sẹ́mó oníkílò mẹ́wàá tí ìyá rẹ̀ kò tíì já, ó gbé e wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún onírin. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wọn èyí ná.” Onírin gbé e kọ́. Òṣùwọ̀n ní kílò mẹ́jọ. Gbogbo wọn dákẹ́, ọmọ náà tún ní, “Ẹ ṣeun sà. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò tiwa.” Onírin bú sẹ́rìn-ín, ó ní òṣùwọ̀n òun ti darúgbó, ó sì san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Òun náà ni wọ́n ṣì ń tà fún dòní. Owó náà kò tó nǹkan, ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń fi í rà.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní Èkó, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ ní 2012. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó ń fa ẹrù ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀, ìdílé tó bá sì ń kó ike pamọ́ dè wọ́n ń gba máàkì tó lè fi gba nǹkan ìlò ilé. Nígbà tó yá, wọ́n fi obìnrin náà ṣe ọ̀gá àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tó mọ ibi tí pàǹtí ń lọ ni wọ́n gbé ọgbà lé lọ́wọ́, èmi fọwọ́ sí i. Ní Ajégúnlẹ̀, African Cleanup Initiative bá ilé ìwé Morit International School ṣe ètò tí òbí fi lè kó ike wá dípò owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n pámpásì kò ní oníbàárà. Èyí tí kò bá ṣeé tà, ọkọ̀ PSP, ti àwọn akólẹ̀ aládàáni, ló ń gbé e nígbà tó bá wá. Nígbà tí kò bá wá, àpò á máa wò wá, àwa náà á máa wò ó. Wọn kì í dáná sun ún, òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu ara wọn ṣe nìyẹn, lẹ́yìn tí a jọ sọ̀rọ̀ nípa dioxin, májèlé tó lè wà nínú èéfín ike tí wọ́n bá sun ní gbangba, tó sì lè fa jẹjẹrẹ. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹrà nínú kòtò kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyẹn ni ajílẹ̀ ṣọkọ̀.

Ohun tó lé ààtàn lọ gan-an kò sí nínú iṣẹ́ Sátidé. Ìdájí ni àwọn ènìyàn ń jí kó pàǹtí wá. Àwọn lándílọ́ọ̀dù fẹ́ kọ èpè sára ògiri, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a fi ààlè kọ́ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn. Àwọn tó ń múra ìdánwò WAEC kúkú ń jí kàwé, wọ́n bá kó ìwé wọn wá sábẹ́ iná sólà tó wà létí pápá. Bí ìyá kan bá yọ pẹ̀lú bàsíà lórí, ọmọbìnrin kan á dìde, á kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìdájí mà. Ẹ jẹ́ ká bá yín sọ̀ ọ́.”

Á gba bàsíà, á gbé e lọ sídìí àwọn àpò, á máa ṣà á níṣojú ìyá náà: ike síbí, ọ̀rá síbẹ̀, èèpo sínú kòtò. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, pámpásì yìí ńkọ́? Ṣé ká máa bá yín tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí PSP bá wá, àbí ẹ óò mú un padà?” Kò sí èébú kan nínú rẹ̀. Ìyá tí mo fojú ara mi rí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò padà wá mọ́. Mo bá a pàdé lọ́jà, ó ní àwọn ọmọ yẹn burú, wọ́n mọ ẹ̀kọ́ ilé jù.

Láwọn ibòmíràn, irú iṣẹ́ yìí ti di àjọ̀dún. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2008, ní Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 1.3 lọ, àwọn tó lé ní 50,000 jáde, wọ́n sì kó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù pàǹtí kúrò nígbó àti lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Wọ́n ti wá ààtàn tó lé ní 10,000 kàn, wọ́n ti fi fóònù àti kọ̀ǹpútà sàmì sí wọn lórí àwòrán ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mú ṣọ́bìrì. Ibẹ̀ ni World Cleanup Day ti ṣẹ̀ wá, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 2018 ní orílẹ̀-èdè 157. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún un. Rwanda ní tiẹ̀, umuganda, tó jẹ́ dandan ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù fún ẹni ọdún 18 sí 65. Kìgálì mọ́, mi ò ní purọ́. Àwọn ọmọ tí mo ń sọ yìí kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń mú ní dandan níbẹ̀, wọ́n sì ti ń jáde.

Nílé wa, ọjọ́ ayẹyẹ máa ń ju iṣẹ́ lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bánà, fọ́tò, ìgbálẹ̀ tuntun tí ọ̀rá kò tíì kúrò lára rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìyànjú tí kò tán bọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá sílẹ̀ lálẹ́ àná. Wọ́n pè wá sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ lọ, wọ́n jẹ míìtì-páì, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n padà wá bá ààtàn wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, kó ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà nínú pàǹtí Ṣàngó, bátìrì tó ti kọ́ǹdẹ́ẹ̀mù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú òjé nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì, àgbàlagbà ló ń fi ẹ̀mú gbé wọn, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. A kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ dé etí títì, àwọn oníkòróòpe kò ní sùúrù.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé pápá ti mọ́, ojú gbogbo ènìyàn sì ti wọ̀ ọ́. Ẹnì kan fẹ́ máa fi í yá àwọn olóde àríyá, kí wọ́n máa ta kánópì síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, ènìyàn dáadáa tí èmi náà bọ̀wọ̀ fún, mú àbá tirẹ̀ wá sípàdé: kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mọ́kàndínlógún tó wà ládùúgbò sílẹ̀, kó di dandan, kí ilé tí ọmọ rẹ̀ kò bá jáde máa san owó ìtanràn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin tó gbé sẹ́mó fún onírin wà lẹ́yìn, ó nawọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn lándílọ́ọ̀dù náà á máa wá?”

Wọ́n ní kó jókòó, ìpàdé di oṣù tó ń bọ̀. Èmi ni akọ̀wé. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bi í gẹ́lẹ́, mo sì fi ṣe ohun àkọ́kọ́ tí a máa jíròrò.